Ìtàn tí kò ṣojú mi, ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ṣe iṣẹ́ ọnà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ayàwòrán ni mí, ọmọ ọdún 27. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, àpótí fọ́tò kan ló kàn mí nínú ẹrù wọn. Fọ́tò inú rẹ̀ lé ní 100, mi ò sì mọ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀. Ó ń wù mí kí n fi wọ́n ṣe iṣẹ́ tí mo lè gbé lọ sí ìpàtẹ, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Nǹkan wọ̀nyẹn ò ṣojú mi, wọn ò sì ròyìn rẹ̀ fún mi tó. Bàbá mi tún ní àwọn kan wà nínú fọ́tò náà tí a kì í dárúkọ wọn nílé wa. Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtàn yìí báyìí? Báwo làwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ ṣe ń gbé e gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá àgbà sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìbéèrè méjì lo dì pọ̀ sójú kan. Ti ẹ̀tọ́ ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn, torí òun ló ń dẹ́rù bà ọ́ jù. Ìtàn ìyá àgbà, àwọn ló ni ín, wọ́n sì ti gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Ohun tó jẹ́ tìẹ ni bí ìtàn náà ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ: àpótí tó kàn ọ́, ojú tí o kò dá mọ̀, orúkọ tí bàbá rẹ ń fò. Lórí ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá ọ du ẹ̀tọ́. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ lórí irú èyí, ibi tí iṣẹ́ wọn ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe bí ẹni tó wà níbẹ̀. Wọ́n á rí àlàfo, ojú á tì wọ́n, wọ́n á wá nǹkan dí i. Ẹni tó bá wá wò ó á ṣáà mọ̀ pé nǹkan kan ò rí bó ṣe yẹ kó rí, bí kò tilẹ̀ lè tọ́ka sí i. Lójú tèmi, àlàfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ.

Jẹ́ kí n fi ẹnì kan hàn ọ́. Júù láti Pólándì ni àwọn òbí Art Spiegelman, Vladek àti Anja, wọ́n wà lára àwọn díẹ̀ tó jáde láàyè nínú Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Násì ti Jámánì ti ń pa àwọn Júù. 1948 ni wọ́n bí Art, Ogun Àgbáyé Kejì ti parí. Nígbà tó dàgbà, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó gbọ́ ló fi ya ìtàn aláwòrán tó pè ní Maus. Apá méjì ló jáde, ní 1986 àti 1991, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer àkànṣe ní 1992.

Ojú ewé kan wà ní apá kejì tí mi ò lè kà tán kí n má padà wò ó. Art bi bàbá rẹ̀ nípa àwọn ẹlẹ́wọ̀n olórin, àwọn tí wọ́n ń mú kí wọ́n máa lu orin lẹ́nu géètì bí wọ́n bá ń to àwọn yòókù lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ní òun ò rántí olórin kankan. Ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ àti ariwo àwọn ẹ̀ṣọ́ lòun rántí. Bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ wà pé àwọn olórin náà wà níbẹ̀. Kí lọmọ wá ṣe? Ó ya àwọn olórin, ó ya àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń tò bọ̀. Nínú àwòrán tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí bàbá ti ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìlà àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti kọjá níwájú àwọn olórin, ó ti bò wọ́n. Tí o bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, wàá rí ṣóńṣó ohun èlò orin tó yọ sókè lẹ́yìn orí àwọn ènìyàn. Kò pe bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́. Kò sì ju àkọsílẹ̀ nù. Àríyànjiyàn àárín àwọn méjèèjì ló yà.

Ti ìyá rẹ̀ tún le jù. Anja ti kọ ìrírí tirẹ̀ sínú ìwé, ó sì kú ní 1968. Vladek dáná sun ìwé wọ̀nyẹn. Ẹ̀yìn náà lọmọ tó mọ̀, inú bí i, ìbínú náà wà nínú ìwé rẹ̀ ketekete. Ohun tí mo fẹ́ kí o kíyè sí ni pé kò jókòó kó fúnra rẹ̀ kọ ohun tí ìyá ìbá sọ. Ohùn ìyá ò sí. O máa kà á dé òpin, wàá máa retí rẹ̀, kò ní dé.

Maus wà lára ohun tó mú Marianne Hirsch, onímọ̀ lítíréṣọ̀ tí wọ́n bí ní Ròmáníà, wá orúkọ fún nǹkan tó ń ṣe ìwọ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló ti ń pè é ní postmemory: ìrántí àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀. Ojú wọn ò rí i, àmọ́ wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n ti rí i nínú fọ́tò, wọ́n ti rí bí àwọn àgbà ṣe ń dákẹ́ lójijì tí ọ̀rọ̀ bá kan ibì kan, títí tó fi wá dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn fúnra wọn. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ńlá yìí wọ̀ ọ́ lórí jù. Mo kàn sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti débẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ń kà á kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí pé ìrántí àwọn baba ńlá wà nínú ẹ̀jẹ̀, pé sáyẹ́ǹsì ti fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀. Rọra o. Wọ́n ti yẹ àwọn tó wà nínú oyún nígbà ìyàn tó mú Netherlands ní 1944 sí 1945 wò, wọ́n sì rí àmì ebi náà nínú ara wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Àmọ́ àmì lára kì í ṣe ìtàn. Ara ọmọ lè gba ìyà ìyá rẹ̀. Kò lè gba orúkọ àdúgbò tí ìyá ti jẹ ẹ́. Ẹnu, ọwọ́ àti ìdákẹ́ ni ìtàn ń gbà kọjá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà nílé yín.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tìẹ jù nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ ni Lebohang Kganye, ọmọbìnrin ará Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n bí ní 1990. Ìyá rẹ̀ kú ní 2010. Aṣọ ìyá ṣì wà nílé, fọ́tò ìyá náà wà, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó mọ oge ṣe. Lebohang wá ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò wọ̀nyẹn, ó wọ aṣọ kan náà tàbí èyí tó jọ ọ́, ó dúró bí ìyá ṣe dúró, ó fi ọwọ́ sí ibi tí ìyá fi ọwọ́ sí, wọ́n sì ya òun náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fi kọ̀ǹpútà pa fọ́tò méjèèjì pọ̀. Ó parí iṣẹ́ náà ní 2013, ó pè é ní Ke Lefa Laka. Èdè Sesotho nìyẹn: ogún mi ni.

Wo ọ̀kan nínú wọn, kí o má yára kúrò níbẹ̀. Obìnrin méjì ló wà nínú fọ́tò, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn wọn, ìdúró kan náà. Ẹni tó ti kú ló dúró ṣinṣin, tí àwọ̀ rẹ̀ gún régé. Ẹni tó wà láàyè ló ń hàn fírífírí bí òjìji, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá yí i padà, kó sọ ìyá di iwin, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ronú nìyẹn. Lebohang mọ̀ pé nínú fọ́tò yẹn, òun ni àlejò. Òun ni kò sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látòkè wá, ó ti fi aṣọ àti ìdúró sọ ọ́ tán láìkọ ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tó kan bàbá àgbà rẹ̀, ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí i, kò ní ara tó lè bá dúró. Kóòtù àti ṣòkòtò ọkùnrin ló wọ̀, ó ṣe bíi bàbá náà, ó sì fi páálí gé àwọn ènìyàn inú fọ́tò sókè, ní ìwọ̀n ènìyàn gidi, ó tò wọ́n yí ara rẹ̀ ká. Páálí ni, o rí i pé páálí ni. Kò gbìyànjú láti tàn ọ́.

Louise Bourgeois, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Faransé, tún wá lọ́nà mìíràn. Iṣẹ́ àwọn òbí rẹ̀ ní Faransé ni títún aṣọ ògiri àtijọ́ ṣe, àwọn aṣọ ńlá tí wọ́n hun àwòrán sí. Ìsàlẹ̀ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń gbó, torí náà ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí Louise ṣì kéré, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó ya ẹsẹ̀ tó ti sọnù náà, kí àwọn ahunṣọ lè rí nǹkan tẹ̀ lé. Nínú ẹbí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí àlàfo má hàn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ìyá rẹ̀ kú ní 1932. Ní 1999, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti lé ní 80 ọdún, ó fi irin ṣe aláǹtakùn kan tó ga ju mítà 9 lọ, tó gbé ẹyin òkúta mábù sínú àpò lábẹ́ ikùn, ó sì pè é ní Maman, ìyẹn ìyá. Ahunṣọ ni ìyá, ahunṣọ ni aláǹtakùn. Kò ya ojú ìyá rẹ̀. Ìwọ lo máa rìn wọ abẹ́ rẹ̀, kí o gbójú sókè wo àwọn ẹyin yẹn, kí o má lè sọ bóyá ààbò ló jẹ́ tàbí ẹ̀rù. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba ti iṣẹ́ ọnà gàgàrà, ṣùgbọ́n èyí dá mi dúró.

Ìdí tí mo fi dúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀ inú aṣọ yẹn ni pé ogún kì í ṣe ìtàn nìkan. Kí ni ìyá àgbà ń fi ọwọ́ wọn ṣe? O ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ. Faith Ringgold, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2024, aránṣọ ni ìyá rẹ̀, Willi Posey. Ìyá ìyá ìyá àgbà wọn kan, Susie Shannon, ẹni tó wà lóko ẹrú, mọ aṣọ alájápọ̀ rán, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi àwọn ègé aṣọ rán pọ̀, iṣẹ́ náà sì ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Ní 1980, Faith àti ìyá rẹ̀ jọ rán aṣọ alájápọ̀ tí wọ́n pè ní Echoes of Harlem, ojú àwọn ènìyàn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá kú ní 1981. Ọmọ ò fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀; ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sára aṣọ náà. Ti Lamidi Fakeye tó di olóògbé ní 2009 ò jìnnà sí èyí: ìran karùn-ún àwọn agbẹ́gilére ni, ohun tó jogún wà nínú bí wọ́n ṣe ń di àáké mú, kó tó kan ohun tí ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ó yá, àpótí ni ká wá sọ.

Kí o tó ronú kan ìpàtẹ, ya ojú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí o sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Mo ń sọ èyí nítorí ohun tójú mi rí. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, mo kó fọ́tò bàbá mi mọ́kànlá, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí fún iṣẹ́ kan. Ó dùn ún wò. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí i ni wọ́n bi mí pé ìwé tí bàbá mi kọ sẹ́yìn wọn ńkọ́. Mi ò mọ̀ pé ìwé kankan wà níbẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣí ọ̀kan, ojú fọ́tò ló ya. Mẹ́wàá tó kù ṣì wà lórí páálí yẹn títí dòní, mo mọ̀ pé orúkọ wà lẹ́yìn wọn, mi ò lè kà á.

Nítorí náà: kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí sẹ̀lótéèpù, kò sí bírò. Tí o bá fẹ́ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsùlù tó rọ̀ ni kí o lò, ní etí, kí o má tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, má fi agbára ṣí i. Yà á bó ṣe wà. Tí o bá rí òǹtẹ̀ ilé ìyàwòrán lẹ́yìn rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àmọ́ níbi púpọ̀, ẹni tó ya fọ́tò ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n yà. Òǹtẹ̀ yẹn sì tún máa ń sọ ìlú, nígbà mìíràn ọdún pàápàá.

Ẹ̀dà ni kí o fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò gan-an. Njideka Akunyili Crosby, tí wọ́n bí ní Enugu ní 1983 tó sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1999, ẹ̀dà ló ń lò. Ó ń kó fọ́tò ẹbí àti àwòrán inú ìwé ìròyìn jọ, á tẹ̀ wọ́n jáde, á dojú wọn dé orí bébà ńlá, á wá fi acetone, oògùn olómi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, ra ẹ̀yìn wọn títí íǹkì á fi ṣí lọ sórí bébà tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó ń jáde kì í mọ́lẹ̀ tán: ibì kan á hàn, ibì kan á pòórá, bí ohun tí a gbàgbé ààbọ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú àwòrán kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà lára ògiri, lára ilẹ̀, lára aṣọ àwọn ènìyàn tó yà. Ènìyàn á jókòó sórí àga nínú yàrá jẹ́jẹ́, gbogbo àtẹ̀yìnwá sì wà lára ohun tó jókòó lé. Bí o bá fẹ́ dán an wò, ṣí fèrèsé, wọ ìbọ̀wọ́, má tan iná nítòsí. Oògùn yẹn ń gbiná, òórùn rẹ̀ sì ń kọ lu orí.

Má fi 100 fọ́tò ṣe iṣẹ́. Mú ọ̀kan. Tí o bá fẹ́ kó pọ̀ gan-an, mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí a kì í dárúkọ ló kù, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ara mi níbẹ̀: ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe lọ́ṣẹ́ nínú àwọn tó wà láàyè? Bàbá Bourgeois kó olólùfẹ́ wọlé ní orúkọ olùkọ́ àwọn ọmọ, ìyá ń wò wọ́n, ó dákẹ́. Bàbá náà kú ní 1951. 1974 ni Louise ṣe iṣẹ́ tó pè ní The Destruction of the Father, ìyẹn ìparun bàbá, ó sì di 1982 kó tó ro ìtàn náà fún gbogbo ayé gbọ́. Ó lé ní 30 ọdún lẹ́yìn ikú bàbá. Mi ò ní kí ìwọ náà dúró tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kí o wo bí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣe yá.

LaToya Ruby Frazier, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Láti 2001 ló ti ń ya ìyá rẹ̀, ìyá àgbà rẹ̀ àti ara rẹ̀ ní Braddock, ìlú tí wọ́n ti ń rọ irin ní Pennsylvania, ó sì kó o jọ sínú ìwé The Notion of Family ní 2014. Àìsàn wà nínú rẹ̀, òṣì wà nínú rẹ̀, ohun tí ẹlòmíì máa fi pamọ́. Àmọ́ ìyá rẹ̀ kì í kàn-án jókòó kí wọ́n yà á. Ó máa ń sọ ibi tí òun máa dúró, nígbà mìíràn òun ló máa di kámẹ́rà mú tó máa ya ọmọ rẹ̀. Ìyá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ ńkọ́? Wọ́n wà láàyè. Má gba ẹ̀yìn wọn. Àmọ́ má bi wọ́n pé “kí ló ṣẹlẹ̀?” Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn. Mú fọ́tò kan lọ, bi wọ́n nípa nǹkan tó ṣeé dì mú: ta ló rán aṣọ yìí? Àga yìí ńkọ́, ta ló kó o lọ? Ta ló ya fọ́tò yìí, ibo ló dúró sí? Bí wọ́n bá gbà, fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí o sì gba ìdákẹ́ wọn pẹ̀lú. Má gé e kúrò. Lẹ́yìn náà, mú fọ́tò kan náà lọ bá ẹlòmíì nínú ẹbí. Bí ìtàn méjèèjì bá ta kora, ó dára bẹ́ẹ̀. Má wá èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Tẹ́ méjèèjì síwájú mi.

Bí wọ́n bá sì ní rárá, pé ojú ẹni yẹn ò gbọdọ̀ jáde, o lè gbà fún wọn kí iṣẹ́ rẹ má sì kú. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí fọ́tò, wàá rí èyí tí wọ́n ti fi abẹ gé orí ẹnì kan kúrò, tí ọwọ́ ẹni náà ṣì wà ní èjìká ẹlòmíì. Wo àpótí tìẹ dáadáa, bóyá ọ̀kan wà níbẹ̀. O lè ya ẹ̀yìn fọ́tò náà dípò ojú rẹ̀. O lè ya àga tí ẹni náà jókòó lé. Má kàn fi ìpàtẹ parí ìjà tí kò parí nílé; mo ti rí i kí ìyẹn ṣẹlẹ̀, àwọn méjì nínú ẹbí náà ò tíì kí ara wọn títí di àsìkò yìí.

Nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí àlejò kankan tó rí i, jẹ́ kí bàbá rẹ kọ́kọ́ rí i. Gbé àga fún wọn. Má ṣàlàyé. Tí wọ́n bá na ọwọ́ sí ojú kan nínú rẹ̀, má béèrè orúkọ. Dákẹ́ díẹ̀, bóyá wọ́n á dá a pè fúnra wọn.